Ìwé Ìtọ́sọ́nà: Bí A Ṣe Ń Kọ Egbò Àtọ̀gbẹ Sílẹ̀ Kí Kóòdù Rẹ̀ Má Baà Ṣìnà

Ìwé yìí wà fún nọ́ọ̀sì, akọ̀wé kóòdù àti ẹni tó ń tọ́jú alátọ̀gbẹ nílé ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń lo ICD-10-CM, ìyẹn àkójọ kóòdù tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àìsàn sílẹ̀, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2015. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọ egbò àti bí wọ́n ṣe ń dì í, a ò ní tún un sọ. Ìwé owó ìtọ́jú tí iléeṣẹ́ adójútòfò ń dá padà ló mú wa kọ ọ́. Àṣìṣe kan náà la sì ń rí ṣáá: wọ́n á kọ "egbò ẹsẹ̀, alátọ̀gbẹ", wọ́n á pa fáìlì dé.

Ìyẹn ò tó! Ẹsẹ̀ wo? Ibo lára ẹsẹ̀? Báwo ló ṣe jìn tó? Ẹ kọ ọ́ nígbàkigbà tí ẹ bá tú egbò.

Gìgísẹ̀ àti àárín ẹsẹ̀ jẹ́ L97.4; ọmọ ìka àti ibi yòókù lára ẹsẹ̀ jẹ́ L97.5. Lẹ́yìn èyí, 1 ni ọ̀tún, 2 ni òsì. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ló ń sọ bó ṣe jìn tó: 1 bó bá jẹ́ awọ nìkan, 2 bí ọ̀rá bá hàn, 3 bí iṣan bá ti kú, 4 bí egungun bá ti kú. Bó bá dé iṣan tí kò tíì kú, 5 ni. Bó bá dé egungun tí kò sí àmì pé ó ti kú, 6 ni. 9 ni ti ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí ọ̀rá nínú egbò, tí kò kọ ọ́, tí akọ̀wé wá fi 9 síbẹ̀, kò ṣe dáadáa rárá.

Àpẹẹrẹ: àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, gìgísẹ̀ ọ̀tún, ọ̀rá hàn. E11.621, tí í ṣe kóòdù àtọ̀gbẹ oríṣi kejì tó ní egbò ẹsẹ̀, ló ń ṣíwájú, L97.412 á tẹ̀ lé e. Ẹ má yí i padà. Bí egbò bá wà lọ́rùn ẹsẹ̀, kì í ṣe E11.621 mọ́, E11.622, ti egbò awọ ibòmíràn, pẹ̀lú L97.3 ni. Aláìsàn tó ń gba ínsúlíìnì lójoojúmọ́, ẹ fi Z79.4 kún un. Ti oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń gbé mì ni Z79.84.

Nọ́ọ̀sì lè kọ bí egbò ṣe jìn tó, ṣùgbọ́n dókítà ló gbọ́dọ̀ sọ irú egbò tó jẹ́. Egbò gìgísẹ̀ tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ fà, L89 ni tiẹ̀. Akọ̀wé, má wo fọ́tò kí o wá máa méfò, béèrè.

Ẹ wọn egbò ní sẹ̀ǹtímítà: gígùn, fífẹ̀, jíjìn, bíi 3.2 × 2.1 × 0.4. Ìhà orí sí ìhà ọmọ ìka ni gígùn. Ẹ má ṣe da àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá kọ. A ti rí fáìlì tó ṣì ń pe ọ̀rá nígbà tí egungun ti yọ síta.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí egbò náà, kí ẹ sì bi dókítà kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀ bóyá ó ti kọ ẹsẹ̀ tó jẹ́, ibi tó wà àti bó ṣe jìn tó. Bí ẹran ibẹ̀ bá dúdú tàbí tí egungun bá yọ, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ kọ aago tí ẹ pè é sílẹ̀.