Bí ẹ ṣe lè rí mẹkáníìkì tó ṣeé fọkàn tán fún ọkọ̀ àtijọ́ ní Ìkòròdú

Ọkọ̀ ìjàpá (Volkswagen Beetle) tí bàbá mi fi sílẹ̀ ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń gbé e láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn ní Ìkòròdú, láti Sábó títí dé ọ̀nà Ìgbògbò. Ọ̀kan nínú wọn sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń ti fáàfù ẹ́ńjìnnì ṣí, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná janjan. Kò lo ohun ìwọ̀n kankan. Ó ní ojú òun ti mọ iṣẹ́ náà. Àyè tó fi sílẹ̀ fún fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré tí atẹ́gùn àti epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, tí èéfín sì ń gbà jáde) kéré jù, fáàfù kò lè padé dáadáa mọ́, iná sì ń jó etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ẹ́ńjìnnì ti di títú palẹ̀. Owó tí mo ná pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni bí mo ṣe rí ọkọ̀ tí bàbá mi fi ń gbé wa lọ sílé ìwé lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, tí adìyẹ ń sùn sábẹ́ rẹ̀.

Látìgbà náà, ohun kan ni mo máa ń wò lára mẹkáníìkì ọkọ̀ àtijọ́: ṣé ó máa ń wọn nǹkan kó tó fọwọ́ kàn án? Ohun tí gbogbo ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí ń wá nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ọkọ̀ yín

Ẹ mú ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà ṣáásí. Ìjàpá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1300 àti èyí tó jẹ́ 1600 kì í lo písítìnnì kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Peugeot 504 tó jẹ́ 1800 àti èyí tó jẹ́ 2000. Bí ẹ ò bá mọ èyí tí ẹ ní, ohun tí wọ́n bá tà fún yín lẹ máa rà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àìsàn ọkọ̀ sílẹ̀ bí ẹ ṣe rí i. Ẹ má kọ èrò yín. “Kábúrétọ̀ ti bàjẹ́”, èrò nìyẹn. “Tí mo bá ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mile 12 fún ogún ìṣẹ́jú, ó máa ń kú, kì í sì í jí àfi tó bá tutù”, àìsàn nìyẹn. Ẹ ka gbólóhùn yẹn sétí mẹkáníìkì, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Ẹni tó bá ti mú sípánà kí ẹ tó kà á tán kò tíì ṣe tán láti tọ́jú ọkọ̀ yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kí ẹ ti bèèrè

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ọkọ̀ tó jọ ti yín, tó ń rìn, tí kì í rú èéfín. Níwájú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, níbi ìnáwó lópin ọ̀sẹ̀, ẹ óò rí wọn. Ẹ dúró de ẹni tó ni ọkọ̀ náà, ẹ kí i bó ṣe yẹ kí ẹ kí i, ẹ yin ọkọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní ọkọ̀ àtijọ́ tí kò fẹ́ràn kí èèyàn bi í nípa rẹ̀. Ẹ wá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ló ń tún un ṣe? Láti ọdún wo? Ìgbà wo ni mẹkáníìkì náà ti ṣe é tì rí, kí ló sì ṣe nígbà tó ṣe é tì? Ìbéèrè kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù. Mẹkáníìkì tí kò ṣe é tì rí kò sí. Ẹni tó ní “ẹ gbé e padà wá, kí n tún un wò” lẹ ń wá. Èyí tó di ẹ̀bi ru ẹni tó ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú kàn. Tí ẹ bá ń ti Ìkòròdú lọ sí Mile 12, ẹ óò kan Owódé Onírin kí ẹ tó débẹ̀. Tí ẹ bá tún ráyè, Ládípọ̀ wà ní Múṣin. Ẹ wá ẹni tó ń ta kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì, ohun kékeré tó ń já iná kí pálọ́ọ̀gì lè ṣẹ́ná, kí ẹ sì bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa ń wá ra èyí lọ́wọ́ yín láti Ìkòròdú?” Ọkọ̀ ìsinsìnyí kì í lo kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń rà á lóṣooṣù, ọkọ̀ àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí orúkọ méjì lọ́nà báyìí ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, lẹ́yìn ọdún méjì tí mo ti ń wá kiri.

Ẹ tún bèèrè àwọn àgbà. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ lójú ọ̀nà Bàdágírì, ọdún yẹn náà sì ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ẹni tó wọ ibẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti tó àádọ́rin ọdún báyìí. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́ṣẹ́ láyé ìgbà yẹn kò lè gbé ẹ́ńjìnnì mọ́, ojú wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran, àmọ́ wọ́n kọ́ ọmọ níṣẹ́. Tí ẹ bá rí irú bàbá bẹ́ẹ̀, ẹ má ní kí wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ yín. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn pé, “Bàbá, nínú àwọn ọmọ tó gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ yín, ta ló ṣì ń ṣe irú ọkọ̀ yìí?” Orúkọ tí bàbá bá dá yẹn ju pátákó àfihàn lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀bù láìgbé ọkọ̀ lọ

Ẹ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ jókòó fún bíi wákàtí kan. Ẹ ka iye ọkọ̀ tí koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká. Ọ̀kan tàbí méjì kò burú. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni ọkọ̀ ni kò rówó san. Tí ó bá ti lé ní ìdajì ọkọ̀ tó wà níbẹ̀, ẹni náà máa ń gba iṣẹ́ ju èyí tó lè parí lọ.

Ẹ wo ibi tí àwọn ọmọṣẹ́ ń kó nọ́ọ̀tì sí nígbà tí wọ́n bá ń tú nǹkan. Ní ṣọ́ọ̀bù tó dára, ẹ óò rí agolo mílíìkì tàbí abọ́ tí wọ́n kó wọn sí, ti ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, ti gíà lọ́tọ̀. Ní ibòmíràn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, nínú iyanrìn àti epo. Nọ́ọ̀tì ọkọ̀ àtijọ́ kan tó bá sọnù lè gbà yín ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó rí irú rẹ̀. Òmíràn tí wọ́n bá sì fi tipátipá wé mọ́ ọn máa jẹ ojú irin tí wọ́n fi sí.

Ẹ fetí sí bí ọ̀gá ṣe ń bá ọmọṣẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí wọ́n ń fi sípánà gbá lórí kò ní lè sọ pé, “Ọ̀gá, mo ti já bóòtù kan.” Ńṣe ló máa fi gíríìsì bò ó, ọ̀nà ni ẹ ó ti wá mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: iṣẹ́ kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún un

Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má fi títú ẹ́ńjìnnì dán ẹnikẹ́ni wò. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tí kò ju wákàtí méjì lọ, kí ẹ sì dúró tì í.

Ní tèmi, tápẹ́ẹ̀tì ni mo ní kí bàbá kan sẹ́ẹ̀tì. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo gbé ìjàpá mi débẹ̀. Wọ́n rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀ láìsọ̀rọ̀, wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì, wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ ọn.

“Níbo lo ti ń bọ̀?”

“Bàyẹ́kù ni, sà.”

“Ó gbóná. Fi í sílẹ̀ di ọ̀la, ọmọ mi. Mi ò lè fọwọ́ kàn án báyìí.”

Ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wà níbẹ̀. Wọ́n fi àkísà nu ìdérí tápẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ṣí i, wọ́n gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí epo má bàa kán sílẹ̀. Wọ́n fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, jẹ́jẹ́, títí àmì tó wà lára púlì fi ṣe déédéé. Wọ́n wá mú ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àyè fáàfù, èyí tó jẹ́ 0.15 mílímítà, iye tó wà nínú ìwé ọ̀pọ̀ ìjàpá. Wọ́n tì í wọlé, wọ́n fà á jáde, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́ pé kí èmi náà fà á wò. Ó ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń dì mọ́ mi lọ́wọ́ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa ọ̀bẹ yọ nínú iṣu tó jinná. “Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn,” ni wọ́n wí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wọn sílíńdà kẹta. Nínú àwọn ìjàpá tó ti pẹ́, ohun tó ń tu epo ẹ́ńjìnnì lára ló dí ọ̀nà atẹ́gùn fún sílíńdà yẹn, òun ló sì máa ń gbóná jù. Ẹ́ńjìnnì tí kò lo omi rárá, atẹ́gùn ni gbogbo ààbò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n kó gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọ́n yọ fún mi kí n tó bèèrè.

Nǹkan méjì wà tí wọ́n tún ṣe tí n kò rán wọn. Wọ́n tẹ róbà tí epo bẹntiróòlù ń gbà kọjá, wọ́n ní ó ti ń sán, kí n pààrọ̀ rẹ̀ kí n tó délé. Róbà tó bá já sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná ni. Wọ́n sì gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè láti wo bátìrì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Omi bátìrì máa ń jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀, àwa tí a sì ń gbé létí ọ̀sà kò nílò ìpẹtà kún ìpẹtà. Ìdérí bátìrì tèmi ti sọnù. Wọ́n fi hàn mí bí irin sípíríìǹgì ìjókòó ṣe lè kan orí bátìrì tí ẹni tó sanra bá jókòó, kí ó sì gbiná.

Bí ti yín bá jẹ́ 504 tàbí Benz àtijọ́, iṣẹ́ ìdánwò lè jẹ́ pálọ́ọ̀gì àti kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì. Ohun kan náà lẹ ń wò: ṣé ó wọ̀n ọ́n, ṣé ó ní sùúrù, ṣé ó rí ohun tí ẹ kò rán an?

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀rọ̀ owó

Ẹ ya owó ẹ̀yà ara ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́ ọwọ́. Tí ẹ bá lè bá a lọ sọ́jà, ẹ bá a lọ. Tí ẹ kò bá lè lọ, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì gba ohun àtijọ́ tó yọ. Ẹ má san gbogbo owó iṣẹ́ tán kí ọkọ̀ tó rìn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ní kó fi owó ara rẹ̀ ra nǹkan fún yín.

Tí ọkọ̀ bá máa sùn síbẹ̀, ẹ ya fọ́tò bátìrì, jáàkì, táyà àfirọ́pò àti ojú géèjì epo. Ẹ mú ìwé ọkọ̀ lọ sílé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ kò ṣe ní pàdánù rẹ̀

Tí iṣẹ́ bá bàjẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún, ní ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe lójú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Tí kò bá gbọ́, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, NATA, ní alága ní àdúgbò, wọ́n sì máa ń pe ọmọ ẹgbẹ́ wọn jókòó.

Tí iṣẹ́ bá dára, ẹ má dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá kú sí títì kí ẹ tó tún yọjú. Lítà méjì àtààbọ̀ péré ni epo ẹ́ńjìnnì ìjàpá, kò sì ní fílítà bíi ti ọkọ̀ ìsinsìnyí, àsẹ́ ló ní. Ẹ pààrọ̀ epo náà ní gbogbo 5,000 kìlómítà, kí wọ́n fọ àsẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì wo fáànù bẹ́ẹ̀tì. Tí bẹ́ẹ̀tì yẹn bá já, fáànù ti dúró nìyẹn. Iná pupa á tàn níwájú yín, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni tèmi. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń gbé e lọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ́ńjìnnì lè tutù dáadáa kí bàbá tó dé láàárọ̀.