Ẹ má sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ ṣubú

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀lé ọkọ wá sí Àbújá láti Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Ìlọrin, ọ̀rọ̀ kóòtù ni mo fẹ́ bá yín sọ, bí ọkọ bá lọ ń lù yín. Mi ò ṣẹ́ èpè fún ilé yín o. Ṣùgbọ́n ilé jìnnà, kò sí ẹ̀gbọ́n ìyá yín nítòsí tí ẹ máa sá tọ̀ lọ lóru.

Ẹni tó ṣègbéyàwó ìjọba, ilé ẹjọ́ gíga ni ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ wà. Ti ìbílẹ̀ nìkan, kóòtù ìbílẹ̀. Ti Mùsùlùmí, Area Court. Àṣẹ ààbò, ìyẹn ìwé tí adájọ́ fi ń ka ẹni tó ń lù yín léèwọ̀ láti sún mọ́ yín, ilé ẹjọ́ gíga ló ń fúnni, lábẹ́ òfin VAPP ti ọdún 2015, òfin tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀. Bí ẹ ò tíì pé oṣù kan níbí, ẹ lè bèèrè. NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, tó wà ní Wuse, ni ìjọba gbé òfin náà lé lọ́wọ́. Mararaba kì í ṣe Àbújá o, ìpínlẹ̀ Násáráwá ni, òfin tiwọn lẹ máa bá níbẹ̀.

Èyí tó dùn mí ló kù.

Alẹ́ ọjọ́ tí ojú ọ̀tún mi wú tó dí, ọsibítù kan ní Kubwa la lọ. Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Madam, kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo wo ọkọ mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní mo ṣubú ní balùwẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú káàdì mi, ìlà kan péré, pẹ̀lú bírò búlúù.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo sọ ní kóòtù pé ọkọ mi ló lù mí. Lọ́yà rẹ̀ ka ìlà yẹn sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á. Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Madam, èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ọwọ́ òfo ni mo bá padà sílé lọ́jọ́ náà.

Mo bínú sí adájọ́ yẹn pẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ní yàrá wa lóru ọjọ́ yẹn. Ìwé ló wà níwájú rẹ̀, àti ẹnu ẹni méjì tó ń tako ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìtìjú ni, ìtìjú wo? Nọ́ọ̀sì ò mọ ìyá yín! Ẹ ní kí ọkọ bọ́ síta, kí ẹ sọ òótọ́.

Àwọn adájọ́ kan ṣì máa ń bèèrè pé kí ló dé tí ẹ padà sílé rẹ̀. Ẹ má fi ìbínú dáhùn. Ẹ sọ ohun tó dá yín padà: owó iléèwé, ìhàlẹ̀, àwọn ọmọ. Òfin 2015 ka èébú àti fífi owó jẹni níyà mọ́ ìwà ipá. Lílu ìyàwó tàbí ọkọ lè fa ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ, tàbí ìtanràn tí kò ju 200,000 náírà lọ, tàbí méjèèjì. Síbẹ̀ abala 55 nínú Penal Code, ìwé òfin ọ̀daràn àríwá tí Àbújá náà ń lò, ṣì fàyè gba ọkọ láti bá ìyàwó wí níbi tí àṣà bá ti gbà á, bí kò bá ti ṣe é léṣe ńlá. Èrò yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn gbogbo ènìyàn.

Bí adájọ́ bá dárúkọ ìlàjà, ẹ má rò pé ó ti gbè sẹ́yìn ọkọ. Òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti 1970 ló ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sọ ọ́ ketekete pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sí ìwé "a ti parí ẹ̀" ní tésàn torí pé àgbà ìlú wa kan ń bẹ̀ yín!

Bí ẹ bá sì ti purọ́ bíi tèmi, ẹ padà sí ọsibítù yẹn lónìí, kí dókítà kọ òótọ́ sí i pẹ̀lú déètì òní. Ẹ ya fọ́tò ojú yín kí wíwú náà tó wálẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín nílé lójú ẹsẹ̀. Fóònù tí mo fi ya tèmi, ara ògiri ni ọkọ mi fọ́ ọ mọ́.