Ọkọ̀ Tó Ń Ké Lójú Ọ̀nà: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ibi Tí Igbe Náà Ti Ń Wá

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ kan náà kó ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà, tí ẹ tún fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó kàn ní “ọkọ̀ mi ń ké” ti gbé àpò owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Wọ́n á máa pààrọ̀ ẹ̀yà kan tẹ̀ lé òmíràn títí igbe náà á fi dákẹ́.

Ìgbà tó ń ké ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ṣé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì ni? Ṣé àárọ̀ ni, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí i? Àbí inú kòtò? Ẹ pa rédíò, ẹ yí gíláàsì wálẹ̀, kí ẹ rọra wa ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gígùn kan. Ògiri á dá ohùn náà padà sí yín létí, ẹ ó sì mọ ẹ̀gbẹ́ tó ti ń wá. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn pàápàá, ẹ kó jáàkì, ọkọ́ àti ike òfìfo kúrò nínú búùtù. Kò sóhun tó dunni tó kéèyàn sanwó ìwádìí nítorí jáàkì tí kò jókòó dáadáa.

Bíréèkì

Páàdì ló ń fún díìsìkì, irin róbótó tó ń bá táyà yí, kí ọkọ̀ lè dúró. Ọ̀pọ̀ bíréèkì páàdì ló ní irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fi sára rẹ̀. Bí páàdì bá jẹ tó ku nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3, irin yìí á kan díìsìkì, á sì máa han fíìfíì. Òmíràn ń han bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ẹ tẹ bíréèkì, ó dákẹ́. Òmíràn, ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gan-an ló ń han. Ẹ tètè lọ pààrọ̀ páàdì. Bí igbe tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bá di gìrìgìrì, páàdì ti tán, irin ló ń jẹ díìsìkì. Ẹ má fi ọkọ̀ náà rìn mọ́.

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, díìsìkì lè dógùn-ún fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ tẹ bíréèkì bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, á dákẹ́, kò sí wàhálà níbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku ọ̀nà oko ló máa ń há sáàárín páàdì. Kí mẹkáníìkì tú táyà, kó fi omi fọ eruku náà dà nù. Kó má fi ẹnu tàbí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ o, nítorí ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi gíríìsì sójú páàdì, ẹ má gbọ́ tirẹ̀: igbe á dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ò ní fẹ́ dúró mọ́.

Bẹ́líìtì

Igbe tó ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, tàbí tí ẹ bá tan AC, tó sì ń ròkè bí ẹ ṣe ń tẹná, bẹ́líìtì ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bó bá ti sán tàbí tó ń dán yìnrìn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá hàn lójú, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, kí ẹ dúró jìnnà díẹ̀, kí ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i. Kí apá aṣọ má gùn débẹ̀. Bí igbe bá dákẹ́ tó tún padà, bẹ́líìtì ti gbó tàbí àwọn púlì, ìyẹn irin róbótó tí bẹ́líìtì ń yí lé, ò bára wọn mu. Bí igbe bá pọ̀ sí i, bẹ́líìtì ti dẹ̀.

Kòtò àti gálọ́ọ̀pù

Ọ̀nà oko kì í jẹ́ kí rọ́bà búṣì, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí àwọn irin abẹ́ ọkọ̀ ti so pọ̀, pẹ́. Ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú. Kí ẹnì kan máa tẹ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ léraléra, kí ẹnì kejì tẹ́tí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Kó wọ́n omi ọṣẹ sí búṣì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí igbe bá dákẹ́ lórí rẹ̀ ni ọ̀daràn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń da dísẹ́ẹ̀lì tàbí ọ́ìlì àlòkù sí i. Á dákẹ́ fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà rọ́bà á wú, á rọ̀, ẹ ó sì ra tuntun dandan. Bí ẹ bá sì fẹ́ rà, ẹ má ra tòkúnbọ̀, nítorí rọ́bà ń gbó bí a kò bá tiẹ̀ lò ó. Ti píkọ́ọ̀pù tó ní sípíríǹgì pẹlẹbẹ, yanrìn ló sábà máa ń wọ àárín rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Bí igbe bá ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú tí ẹ bá ń yí sítíárìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, ìyẹn oríkèé tí táyà iwájú fi ń yí sọ́tùn-ún sósì, wò lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá já lórí eré, táyà á ya síta, ọkọ̀ á sì jókòó sílẹ̀.

Páàdì tuntun lè ké díẹ̀. Ẹ máa rọra tẹ bíréèkì fún bíi kìlómítà 300 àkọ́kọ́. Bí kò bá dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà lọ. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ tó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gba páàdì àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fojú ara yín rí ibi tó jẹ dé.