Ìrora Ìgúnpá Tí Kì í Ṣe Làkúrègbé: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí àwọn àgbẹ̀ sì ti ṣán oko fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún láìsinmi, ni ẹjọ́ kan náà máa ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn: ẹ̀gbẹ́ ìta ìgúnpá ń dùn wọ́n, ife omi lásán sì ti di ẹrù lọ́wọ́ wọn. Wọn a ní làkúrègbé ni, tàbí pé òtútù ló wọ egungun, àwọn mìíràn a sì máa fura pé ẹnìkan ló fi nǹkan ṣe àwọn. Ohun tó sábà máa ń jẹ́ ni àìsàn tí àwọn elétò ìlera ń pè ní tennis elbow, ìyẹn ìgúnpá àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì. Iṣẹ́ tí a ń fi ọwọ́ ṣe ló ń fà á, inú iṣẹ́ náà gan-an sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwòsàn rẹ̀ wà.

Orúkọ yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Runge, dókítà ará Jámánì tó kọ̀wé nípa ìrora yìí ní 1873, ara àwọn tí ìwé kíkọ ti dá ọwọ́ wọn lágara ló ti rí i. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí àwọn oníṣègùn Ìlú Ọba tó so ó mọ́ tẹ́níìsì. Nínú 100 ènìyàn tó ní in, àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì kì í sábà ju 10 lọ. Káfíńtà, alápatà, bíríkìlà, télọ̀ àti àgbẹ̀ wà lára àwọn tó kù, pàápàá àwọn tó wà láàárín ọdún 35 sí 55, ọwọ́ tí ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́ jù ló sì sábà máa ń mú.

Ẹ fi ọwọ́ òsì gbá apá ọ̀tún mú díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgúnpá, kí ẹ wá fi ọwọ́ ọ̀tún di ẹ̀ṣẹ́. Ẹran tí ẹ rí pé ó le lábẹ́ ìka yín yẹn ni iṣan tó ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè, tí okùn rẹ̀ so mọ́ kókó egungun kékeré tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ ìta ìgúnpá. Kò sí bí a ṣe lè di nǹkan mú ṣinṣin kí iṣan yìí má ṣiṣẹ́, nítorí òun ló ń dá ọrùn ọwọ́ dúró kí ó má baà ká wọlé nígbà tí ìka bá ń fún nǹkan. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgúnpá ló ń jìyà. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ ju àyè tí ara ní láti tún okùn náà ṣe, yóò máa já ní fọ́nrán-fọ́nrán, èyí tó bá sì hù dípò rẹ̀ kì í lágbára tó ti àkọ́kọ́. Oríkèé fúnra rẹ̀ kò bàjẹ́. Sìgá mímu kò ran ọ̀ràn náà lọ́wọ́, nítorí ó ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kù.

Ẹ wo ìyá tó ń yan gàrí. Ó di àkúfọ́ igbá mú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sílẹ̀, ó ń tẹ gàrí mọ́ ojú agbada, ó ń wọ́ ọ bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ń tì í padà. Ní gbogbo ìgbà tó bá tì í, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á ká sẹ́yìn. Kí gàrí kan tó gbẹ, ó ti ṣe é ní àìmọye ìgbà, bẹ́ẹ̀ òun kan náà ló bó ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, òun ni yóò sì ro àmàlà lálẹ́. Aṣọ fífún, iyán gígún àti ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ fà láti fín oògùn sóko jọ ara wọn ní ti èyí.

Ní tèmi, àdá tí kò mú ló burú jù lọ nínú wọn. Ẹni tí àdá rẹ̀ kú yóò ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbi tí ẹ̀ẹ̀kan ì bá ti tó, yóò sì fún eèkù rẹ̀ mọ́wọ́ gidigidi, nítorí àdá náà ń ta padà. Ẹ pọ́n àdá àti ọkọ́ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì tún pọ́n wọn lóko. Bí eèkù bá tín-ín-rín jù tàbí tí ó ń yọ̀, ẹ fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e kí ó lè kún ọwọ́ dáadáa. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ kan ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ọwọ́ ti sinmi ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé agbọ̀n tàbí báálì, ẹ ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ rẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, nítorí gbígbé nǹkan pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ tó kọjú sílẹ̀ ló ń fa okùn yẹn jù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni, ẹ na apá síwájú gbọnrangandan, ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sílẹ̀, kí ẹlòmíràn wá máa tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ yín sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin ń gbé e sókè. Bí kókó egungun ẹ̀gbẹ́ ìta ìgúnpá bá dùn yín, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n bí ìgúnpá bá wú, tí ó gbóná, tí ibà sì wà lára, tàbí bí ìka bá ń kú tipiri, tí ìrora ń ti ọrùn wá, tàbí tí ènìyàn ṣubú kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ láìdúró. Ìgúnpá ọmọdé tó ń dùn náà kò sí lára ohun tí ìwé yìí ń sọ.

Ẹ dín iṣẹ́ tó ń fa ìrora kù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe so ọwọ́ rọ̀ pátápátá, nítorí okùn iṣan tí kò ṣiṣẹ́ rárá á tún máa rọ sí i. Píọ́ wọ́tà tó ti dì, tí a fi aṣọ wé, lè tu ibẹ̀ lára fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Paracetamol lè dín ìrora kù. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín, àti aláboyún, kò gbọdọ̀ dá ibuprofen, oògùn ìrora mìíràn, lò fúnra rẹ̀. Gbẹ́rẹ́ kì í dé ibi tí okùn náà wà, abẹ tí kò mọ́ sì lè kó àrùn sí ni lára. Abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń pa wíwú àti ìrora, tí àwọn kan ń sáré lọ gbà máa ń mú ìrora lọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé, nígbà tí ọdún bá yípo, àwọn tó gbà á kì í sàn tó àwọn tí kò gbà á.

Ohun tó ń mú okùn náà lágbára ni eré ìdárayá tí àwọn onímọ̀ físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, ń kọ́ni. Ẹ gbé apá lé tábìlì, kí ọwọ́ yọ kọjá etí rẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sílẹ̀, kí ẹ sì di ìgò omi 50cl mú. Ẹ fi ọwọ́ kejì bá a gbé sókè, lẹ́yìn náà kí ọwọ́ tó ń dùn nìkan máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi ka ení dé àrún. Ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹta, lójoojúmọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Bí ìgò tó kún bá ti wúwo jù, ẹ da omi rẹ̀ sí ìdajì. Èyí gba sùúrù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù lọ ló ń bọ́ lọ́wọ́ ìrora yìí láàárín ọdún kan láìsí iṣẹ́ abẹ.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ padà sóko, ẹ ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan péré, kí ẹ wo bí ìgúnpá yóò ti rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ìrora kò bá ju ti àná lọ, ẹ fi ìdajì wákàtí kún un. Bí ó bá jù ú lọ, ẹ dín in kù fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó tún gbìyànjú.