Bí ẹ ṣe lè kó sáfà AI wá fún ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà

Sáfà AI ni kọ̀ǹpútà ńlá tí ilé-iṣẹ́ fi ń lo AI. Kí ẹ tó dárúkọ owó, ẹ béèrè iṣẹ́ tí oníbàárà fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe. Módẹ́ẹ̀lì AI oní-paramítà bílíọ̀nù 7 (paramítà ni àwọn nọ́ńbà tí módẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́) ń gba nǹkan bíi GB 14 nínú memory GPU, ìyẹn káàdì tó ń ṣe ìṣirò AI, bí a bá fi bit 16 tọ́jú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan; káàdì GPU L40S kan, tó ní GB 48, á gbé e wẹ́rẹ́. Ti bílíọ̀nù 70 ń fẹ́ GB 140. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta GPU mẹ́jọ fún ẹni tí ẹyọ kan tó.

Ibi iná gan-an ni iṣẹ́ wà. DGX H100 kan, sáfà NVIDIA tó ní GPU mẹ́jọ, lè jẹ tó kilowatt 10.2. Lórí volt 230, ìyẹn sún mọ́ ampere 45, sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ò lè gbé e. Volt 200 sí 240 ló ń lò. Bí iná bá wálẹ̀ sí 180, ó lè kú lójú iṣẹ́. Àwọn oníbàárà á ní jẹnẹrétọ̀ àwọn kì í pẹ́ kó tó tan, ṣùgbọ́n sáfà ò lè dúró dè é fún ìṣẹ́jú àáyá kan pàápàá. UPS online, ẹ̀rọ oní-bátìrì tí kì í jẹ́ kí iná já rárá, ni kí ẹ fi síwájú rẹ̀.

Gbogbo iná yẹn ló ń di ooru, bíi BTU 35,000 ní wákàtí kan. Ẹ́síì horsepower 2 méjì ni yóò kàn lè gbé e. Ẹ fi ìkẹta kún un, torí ọjọ́ tí ọ̀kan bá bàjẹ́.

Ẹ gba Form M, ìwé tí a fi ń kó ọjà wọ Nàìjíríà, ní báńkì kí ẹrù tó gbéra. Bó bá dé, ẹ wo igun páálí dáadáa kí ẹ tó buwọ́ lùwé, kí ẹ sì wá ènìyàn mẹ́rin: DGX H100 wúwo tó kílò 130.