Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Olólùfẹ́ Ọkọ̀ Nípa Àwọn Iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà

Níbi tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ bá ti pàdé, tí ọ̀rọ̀ sì kan Ford, General Motors tàbí Chrysler, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sábà máa ń rò: àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí kò mọ ohun tí ènìyàn ń fẹ́ mọ́, jíìpù àti píkọ́ọ̀pù nìkan ni wọ́n gbájú mọ́, wọ́n sì ti pa gbogbo ọkọ̀ tí ó dùn ún wà. Ẹjọ́ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé ohun tí ọkàn tiwa ń fẹ́ ni a máa ń gbé kalẹ̀ bí ẹni pé òun ni gbogbo ará ìlú ń fẹ́, tí a sì ń tipa bẹ́ẹ̀ dá àwọn iléeṣẹ́ náà láre níbi tí wọ́n ti jẹ̀bi gan-an.

Èyí tí ó burú jù nínú àwọn àṣìṣe wa ni kíka ariwo sí owó. Ó pẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń bẹ General Motors, tí ó ni Chevrolet, Cadillac àti Buick, pé kí ó ṣe ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin tí ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) wà níwájú rẹ̀, tí taya ẹ̀yìn ń tì, tí ènìyàn sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa jíà rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà gbọ́. Ó kó Chevrolet SS wọlé láti ọ̀dọ̀ Holden, ẹ̀ka rẹ̀ ní Ọsirélíà, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2014, ó sì fi jíà mánúà kún un lẹ́yìn náà. Ní 2017 ọkọ̀ náà kógbá wọlé, nítorí àwọn tí ó rà á kò tó nǹkan. Ṣáájú ìgbà náà ni Cadillac ti ṣe CTS-V oníwágọ̀n (irú ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ gùn dé ẹ̀yìn búùtù), tí ó ní agbára ẹṣin 556, tí ó ní mánúà, tí ó sì gba ẹrù ilé. Àpapọ̀ èyí tí wọ́n ṣe títí tí wọ́n fi dá a dúró kò pé 2,000. Buick náà gbé Regal TourX jáde fún àwọn tí ó ní wágọ̀n ni àwọn ń fẹ́, kò sì kọjá ọdún 2020. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: àwọn tí ó pariwo jù ń dúró kí ọkọ̀ náà di àlòkù kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ kì í rí kọ́bọ̀ nínú àlòkù. Ẹni tí ó san owó ọkọ̀ tuntun ni oníbàárà wọn. Mánúà tí a sì ń tìtorí rẹ̀ bínú yìí, nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, agbára káká ni a fi ń rí méjì.

Ẹ má sì ṣe fi ẹni tí ó ra jíìpù kékeré ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ ọkọ̀. Irú Chevrolet Equinox tàbí Ford Escape kì í ṣe jíìpù inú igbó. Ọkọ̀ lásán tí wọ́n gbé ga díẹ̀ ni wọ́n, lóòótọ́ ni wọn kò sì lè já kọ́nà bí ọkọ̀ tí ó sún mọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá àgbà kan tí ó ti Abẹ́òkúta wá sí Houston láti wá wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ká ní Camaro, ọkọ̀ eré Chevrolet tí ó sún mọ́ ilẹ̀, ni ọkọ ọmọ rẹ̀ gbé wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, yóò fi ọwọ́ kan di ìró mú, yóò fi èkejì di ilẹ̀kùn mú, yóò tẹrí ba nítorí gèlè, yóò sì já lulẹ̀ sórí àga tí yóò mú kí orúnkún rẹ̀ ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá délé, ènìyàn méjì ni yóò fà á jáde, òun náà yóò sì béèrè pé, “Àna mi, ṣé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ẹ máa ń jókòó sí wakọ̀ níbí ni?” Nínú Equinox, àga àti ìdí rẹ̀ yóò bára dọ́gba: yóò kọ ẹ̀yìn sí i, yóò jókòó, yóò sì gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ìyá ọmọ tuntun náà yóò de ọmọ mọ́ àga lẹ́yìn láìsí pé ó ń tẹ ẹ̀yìn ba. Ohun tí àwọn ènìyàn ń wọ̀n nìyẹn nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ dílà, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni yóò sì béèrè bí ọkọ̀ náà ṣe ń já kọ́nà.

Chrysler ti mọ èyí tipẹ́. Lẹ́yìn tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣe onídùúró fún un láti yá bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là nígbà tí gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì, Lee Iacocca, ọ̀gá àgbà rẹ̀, àti Hal Sperlich gbé bọ́ọ̀sì kékeré ìdílé (minivan) méjì, Dodge Caravan àti Plymouth Voyager, jáde ní ìparí ọdún 1983. Èrò tí Henry Ford Kejì, olórí Ford nígbà náà, kò gbà wọlé nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà ní Ford ni wọ́n gbé lọ sí Chrysler. Ọkọ̀ náà kò ga ju gáráàjì ilé lọ, taya iwájú ni ó ń fà á, nítorí náà ilẹ̀ inú rẹ̀ tẹ́jú, ọmọdé àti àgbà sì ń gbẹ́sẹ̀ wọ̀ ọ́ láìṣe wàhálà. N kò mọ olólùfẹ́ ọkọ̀ kan tí ó fi àwòrán rẹ̀ kọ́ ògiri yàrá, ṣùgbọ́n òun ni ó gba iléeṣẹ́ náà là. Iléeṣẹ́ kan náà yìí ni ó tún ṣe Chrysler 200 ti ọdún 2015, tí òrùlé rẹ̀ rọra dà sẹ́yìn lọ́nà tí ó wu ojú, tí kò sì fi àyè sílẹ̀ fún orí ẹni tí ó ń wọlé sí ẹ̀yìn. Sergio Marchionne tí í ṣe ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba pé wọn kò ṣe ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn náà dáadáa. Ní 2016 ni wọ́n dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n sì sọ ilé iṣẹ́ Sterling Heights tí wọ́n ti ń ṣe é di ti píkọ́ọ̀pù Ram.

Àwọn mìíràn nínú wa wà tí wọ́n ṣàṣìṣe sí ọ̀nà kejì, tí wọ́n gba àwáwí àwọn iléeṣẹ́ náà gbọ́ láìwádìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, Ford kéde pé òun kò ní náwó sórí ìran tuntun àwọn ọkọ̀ oníbúùtù òun mọ́ ní Àríwá Amẹ́ríkà. Bí Fiesta, Focus, Fusion àti Taurus ṣe lọ nìyẹn, tí Mustang sì dá wà. General Motors dá Cruze dúró ní Lordstown, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní oṣù kẹta ọdún 2019, Malibu sì tẹ̀ lé e ní 2024. Àlàyé wọn ni pé ará Amẹ́ríkà kò ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Lóòótọ́ ni ọjà rẹ̀ ti dínkù gidigidi. Síbẹ̀, ní 2024 yẹn náà, Toyota ta Camry tí ó lé ní 300,000 ní Amẹ́ríkà, Corolla àti Honda Civic sì lé ní 200,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ń ra ọkọ̀ oníbúùtù ṣì wà. Wọ́n kàn ti fi ọ̀dọ̀ àwọn ará Detroit, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà mẹ́ta yìí, sílẹ̀ ni.

Bí àwọn oníbàárà ṣe fi Detroit sílẹ̀ ni ó yẹ kí á máa sọ, a kì í sì í sábà sọ ọ́. Ford Focus tí ó jáde ní Amẹ́ríkà fún ọdún 2012 gba oríyìn púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ̀wé nípa ọkọ̀, nítorí pé sítíà rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó sì ń já kọ́nà bí ọkọ̀ olówó ńlá. Ṣùgbọ́n jíà tí ń pa ara rẹ̀, tí ó ní kíláàṣì (clutch) méjì, tí wọ́n ń pè ní PowerShift, tí ó wà nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rà, ń gbọ̀n jìgìjìgì bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, ó sì máa ń kọ́sẹ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ó di ẹjọ́ ní kóòtù, Ford sì gbà láti san owó gbà-má-bínú fún àwọn oníbàárà. Ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ fún ọjọ́ kan lójú ọ̀nà tí ó já gaara kò lè rí irú àléébù bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tí yóò fi ọdún mẹ́fà tàbí méje san gbèsè rẹ̀, kò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Ẹ̀rí tí ó múná jù lórí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé yìí wà ní Fremont, ní California. Láti 1984 títí di nǹkan bí 2010, General Motors àti Toyota ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n dá pọ̀ níbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NUMMI. Corolla ti Toyota àti Geo Prizm ti General Motors jáde láti ibẹ̀, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ni ó ṣe wọ́n, egungun wọn ò yàtọ̀. Síbẹ̀ Corolla ni àwọn ènìyàn ń rà jù, owó rẹ̀ kì í sì í tètè wálẹ̀ bí ti Prizm. A ń rí irú rẹ̀ nílé: Pontiac Vibe ti General Motors, ìbejì Toyota Matrix, wà lára àwọn tọ́kunbọ̀ tí ó ń wọ Èkó, ẹ́ńjìnnì Toyota ni ó wà nínú rẹ̀, mẹ́káníìkì tí ó mọṣẹ́ yóò fi páàtì Matrix tún un ṣe, síbẹ̀ ẹni tí ń rà á yóò ná an wálẹ̀ nítorí orúkọ tí ó wà níwájú rẹ̀. Ọjà wa fún Camry ní orúkọ ìnagijẹ, Big Daddy àti Muscle. N kò tíì gbọ́ èyí tí wọ́n fún Malibu. Kí á tó sọ pé oníbàárà ń tẹ̀ lé orúkọ lásán, ó yẹ kí á rántí ohun tí ojú àwọn tí ó ra Chevrolet Vega rí ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìpẹtà ń jẹ ara ọkọ̀ náà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń gbóná kọjá ààlà.

Ó tún wọ́pọ̀ kí á rò pé ìfẹ́ oníbàárà nìkan ni ó sọ píkọ́ọ̀pù di ọba ọjà. Ní 1964, Amẹ́ríkà fi owó orí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lé ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké tí ó ń ti òkèèrè wá, láti fi gbẹ̀san owó orí tí àwọn ará Yúróòpù gbé lé adìẹ Amẹ́ríkà. A ti parí ìjà adìẹ tipẹ́, owó orí náà ṣì wà níbẹ̀. Òfin ìlò epo tí wọ́n ṣe ní 1975 náà fi ọwọ́ tí ó rọ̀ mú ọkọ̀ akẹ́rù ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, débi pé Chrysler ṣe PT Cruiser, ọkọ̀ ìdílé kékeré, lọ́nà tí òfin fi kà á sí akẹ́rù. Ẹni tí ó bá ń ṣòwò yóò ṣe ohun tí ìdíje kò ti pọ̀, tí òfin kò ti le, tí èrè sì ti gbọn-in.

Ohun tí ó yẹ kí á bá wọn jà lé lórí ni owó. Ní Amẹ́ríkà báyìí, iye tí ènìyàn ń san lórí ọkọ̀ tuntun, bí a bá pín in dọ́gba, ti lé ní 45,000 dọ́là. Ní 2021, Ford kéde Maverick, píkọ́ọ̀pù kékeré tí ó ń lo epo àti iná mànàmáná pọ̀, tí owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò pé 20,000 dọ́là. Kò yára lọ títí, kò sì ní ohun tí àwa ń pariwo lé lórí kankan. Àwọn ènìyàn ya bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí Ford fi dáwọ́ gbígba orúkọ dúró ní oṣù kìíní ọdún 2022, nítorí ilé iṣẹ́ Hermosillo ní Mẹ́síkò kò lè ṣe é tó. Lẹ́yìn náà ni owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Iléeṣẹ́ tí ó ní kò sí ẹni tí ó ń fẹ́ ọkọ̀ kékeré olówó pọ́ọ́kú ni ó rí èyí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Wọ́n sì ti rí òdìkejì rẹ̀ ní 2008, nígbà tí gálọ́ọ̀nù epo kọjá dọ́là mẹ́rin, tí ọjà píkọ́ọ̀pù àti jíìpù ńlá sì wó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Chrysler àti General Motors lọ sí kóòtù láti kéde pé àwọn ti wọko gbèsè.

Ó ku ti ìṣirò. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó fi iye tí wọ́n tà gbe ara yín lẹ́sẹ̀ nínú àríyànjiyàn. F-Series tí Ford ń fi yangàn láti 1977 pé òun ni píkọ́ọ̀pù tí ó ń tà jù kì í ṣe ọkọ̀ kan ṣoṣo. F-150 àti gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ akẹ́rù ńlá ni wọ́n kà pọ̀. General Motors ní tirẹ̀ ń ta ọkọ̀ kan náà lábẹ́ orúkọ méjì, Silverado àti Sierra, àwọn méjèèjì tí a bá sì pa pọ̀ ti ju F-Series lọ ní ọdún púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi píkọ́ọ̀pù Ford wé jíìpù kékeré Toyota RAV4 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ F-150 sọ́tọ̀, nítorí pé nígbà tí wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní 2024, RAV4 ni ó wà lókè.