Bí a ṣe ń pààrọ̀ láíbìrì JPEG nínú Linux láì ba àwọn ètò tó kù jẹ́

Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí àwọn ayàwòrán ń yà ní Ìlọrin, ìbáà jẹ́ níbi yìgì, níbi wòlímọ̀ tàbí níbi ìsọmọlórúkọ, JPEG ni fáìlì rẹ̀ máa ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán pélébé tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń forúkọ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ gíga. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, ètò tí a fi ń wo fọ́tò kọ́ ló sábà máa ń tú fáìlì yìí fúnra rẹ̀. Láíbìrì kan wà lábẹ́ rẹ̀, libjpeg ni orúkọ rẹ̀, tí GIMP (tí a fi ń tún àwòrán ṣe), LibreOffice (tí a fi ń kọ ìwé), ètò ìwòran àti láíbìrì TIFF (irú fáìlì àwòrán mìíràn) pàápàá jọ ń ké sí. Ẹni tó bá pààrọ̀ libjpeg ti fọwọ́ kan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí sì nìyí tí iṣẹ́ náà fi gba sùúrù ju bí ó ṣe rí lójú lọ.

Ẹgbẹ́ Independent JPEG Group ló gbé libjpeg àkọ́kọ́ jáde ní 1991. Ẹ̀dà 6b, tó jáde ní 1998, ni ayé Linux fi ọ̀pọ̀ ọdún gbára lé. Ní 2010 ni libjpeg-turbo, láíbìrì tó yára jù tí a fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lo àwọn àṣẹ inú prósẹ́sọ̀ tí wọ́n ń pè ní SIMD láti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ pixel papọ̀ dípò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn distro, ìyẹn oríṣi Linux tí wọ́n ti dì pọ̀ mọ́ àwọn ètò rẹ̀, Fedora 14 gbà á lọ́dún yẹn kan náà, Ubuntu tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ Debian tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ sì fọwọ́ sí i ní 2014, kí Debian 8 tó jáde ní 2015. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé Debian tàbí Ubuntu òde òní ni ẹ ń lò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbé e jáde, iṣẹ́ yìí ti parí lórí ẹ̀rọ yín.

Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tó ń ṣètò distro tiwọn, tí wọ́n mú ọ̀nà ìdípọ̀ package (ètò tí a dì fún gbígbé wọlé) ti Debian, tí wọ́n ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí láàárín ìgboro Ìlọrin, tí libjpeg àtijọ́ sì ṣì wà nínú rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tuntun tó lágbára, ẹ lè má tètè rí ìyàtọ̀. Lórí àlòkù tí a kó dé láti òkè òkun, tí ogójì ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ fi ṣí fóldà fọ́tò nínú wákàtí kan ṣoṣo, ìyàtọ̀ náà hàn kedere.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ nọ́ńbà tó wà nílẹ̀

Ẹ ṣí terminal, kí ẹ tẹ àṣẹ yìí:

ldconfig -p | grep libjpeg

Ohun tí ẹ ń wá ni nọ́ńbà tó tẹ̀ lé .so nínú orúkọ fáìlì náà: libjpeg.so.62, libjpeg.so.8 tàbí libjpeg.so.9. Gbogbo iṣẹ́ tó kù dúró lórí nọ́ńbà yìí, ó sì tọ́ kí a yé ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ètò kan láti inú kóòdù rẹ̀, bí àwọn àpótí ìsọfúnni libjpeg ṣe tóbi tó, àti ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn, ti di ara ètò náà. Láíbìrì tí àpótí tirẹ̀ bá yàtọ̀ kò lè sìn ín, bí orúkọ iṣẹ́ inú rẹ̀ tilẹ̀ bára mu. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọwọ́ lásán yí orúkọ fáìlì padà kí ètò lè rí i, libjpeg fúnra rẹ̀ yóò kọ̀, yóò sì kọ ọ́ sójú terminal pé: Wrong JPEG library version: library is 62, caller expects 80. Ìkọ̀sílẹ̀ yẹn dára fún wa, nítorí pé bí kò bá kọ̀, ibi tí kò yẹ nínú mẹ́mórì ni ètò náà yóò ti máa kà, tí yóò sì máa kọ nǹkan sí.

A lè kọ́ libjpeg-turbo kí ó dúró gẹ́gẹ́ bíi 62, bíi 7 tàbí bíi 8. Kò ní ti 9. Bí ó bá jẹ́ 9 ni distro yín ń lò, a jẹ́ pé gbogbo package tó gbára lé libjpeg ni ẹ gbọ́dọ̀ tún kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sì ni ìyẹn fún ẹni kan ṣoṣo. Nínú àpẹẹrẹ tó kù, 8 ni màá lò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka àwọn tó gbára lé e

apt-cache rdepends --installed libjpeg8

Ẹ kọ orúkọ tó bá jáde sílẹ̀, nítorí pé òun ni ẹ máa fi ṣe ìdánwò nígbà tó bá yá. Ẹ rántí pé àwọn kan wà tí wọn kò ké sí libjpeg tààrà, tó jẹ́ pé láíbìrì TIFF ni wọ́n ń bá lò, tí TIFF sì ń bá libjpeg lò. Àwọn kan tún wà tí àyípadà yín kò ní kàn rárá: Firefox gbé ẹ̀dà tirẹ̀ pamọ́ sínú ara rẹ̀, Pillow, láíbìrì àwòrán fún èdè Python, náà sì ń gbé tirẹ̀ wá bí a bá fi pip gbé e wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ibi ìdánwò

Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí lórí kọ̀ǹpútà tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa lò lọ́la. Ẹ lo VirtualBox tàbí irú rẹ̀ láti gbé distro yín kalẹ̀ bíi kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tọ́jú àwòrán ipò rẹ̀ (snapshot) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè padà síbẹ̀ bí nǹkan bá yí. Níwọ̀n bí dátà ti wọ́n, ẹ wa gbogbo ohun tí ẹ nílò lẹ́ẹ̀kan: kóòdù libjpeg-turbo, cmake, nasm àti gcc (àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń sọ kóòdù di ètò), àti àwọn irinṣẹ́ ìdípọ̀ ti Debian.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ́ ọ

Nínú fóldà kóòdù náà, ẹ tẹ:

cmake -S . -B kiko -DCMAKE_INSTALL_PREFIX=/usr -DWITH_JPEG8=1 -DREQUIRE_SIMD=1

cmake --build kiko

WITH_JPEG8 ló ń jẹ́ kí ó dúró bíi 8. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi sí i ni REQUIRE_SIMD, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì gan-an. Lórí prósẹ́sọ̀ Intel àti AMD, nasm ni a fi ń kọ́ apá SIMD. Bí nasm kò bá sí lórí ẹ̀rọ, cmake á kàn kìlọ̀, á sì máa bá iṣẹ́ lọ, láíbìrì tí ẹ ó sì rí gbà yóò ṣiṣẹ́ dáadáa àmọ́ láìní ìyára tí a torí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí. REQUIRE_SIMD ní kí ó dúró pátápátá dípò kí ó kìlọ̀ lásán. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú fóldà kiko, kí ẹ tẹ ctest, kí ẹ sì dúró títí gbogbo ìdánwò yóò fi yege. Bí ẹyọ kan bá kùnà, ẹ má tẹ̀ síwájú. Bí gbogbo rẹ̀ bá yege, ẹ padà sí fóldà kóòdù náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dán an wò kó tó wọlé

Níbí ni mo ti máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n má kánjú. Linux fún wa láyè láti jẹ́ kí ètò kan ṣoṣo lo láíbìrì tuntun, kí gbogbo ẹ̀rọ tó kù má sì mọ̀ nípa rẹ̀:

LD_LIBRARY_PATH=$PWD/kiko gimp foto.jpg

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ètò kọ̀ọ̀kan tí ẹ kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kejì. Kí àwọn fọ́tò tí ẹ fi ń dán an wò má jẹ́ irú kan náà: kí ó ní ti kámẹ́rà ńlá, ti fóònù, aláwọ̀ dúdú àti funfun, CMYK tí wọ́n ṣe fún ilé ìtẹ̀wé, àti fọ́tò kan tí kò wọlé tán nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì já. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń fi hàn bóyá ètò yóò kàn sọ pé fáìlì kò pé, tàbí yóò kú.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wò ó bóyá àwòrán tó jáde bá ti àtẹ̀yìnwá mu. Ẹ fi djpeg àtijọ́ (ètò kékeré tó ń bá libjpeg wá, tí a fi ń tú JPEG) tú fọ́tò kan sí a.ppm, kí ẹ fi djpeg tuntun tú u sí b.ppm, kí ẹ sì fi cmp wé méjèèjì. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti orí 6b, ó yẹ kí wọ́n bára mu géérégé. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti orí ẹ̀dà 8 ti Independent JPEG Group, ẹ lè rí ìyàtọ̀ kékeré nínú àwọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ó já yín láyà: láti ẹ̀dà 7 ni ẹgbẹ́ náà ti yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fẹ àwọ̀ tí a ti fún pọ̀ nínú fáìlì padà, turbo sì dúró sórí ọ̀nà ti 6b. Ojú lásán kì í rí i. Ẹni tó ń tọ́jú àwòrán fún ilé ìwòsàn tàbí fún ìwádìí ni kí ó ronú lé e kí ó tó tẹ̀ síwájú.

Fún ti ìyára, ẹ tú fọ́tò ńlá kan náà lẹ́ẹ̀mejì:

time ./kiko/djpeg -outfile /dev/null foto.jpg

time env JSIMD_FORCENONE=1 ./kiko/djpeg -outfile /dev/null foto.jpg

Àṣẹ kejì ti SIMD pa. Àlàfo tó wà láàárín àkókò méjèèjì ni èrè tí ẹ̀rọ yín máa jẹ. Bí kò bá sí àlàfo kankan, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dì í ní package

Ẹ má ṣe da fáìlì náà kọ sínú /usr/lib tààrà. Apt, tó ń bójú tó package, kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, yóò sì kó ti àtijọ́ lé e lórí nígbà tí package náà bá tún gba àtúnṣe. Nínú fáìlì control, tí a fi ń júwe package, ẹ fún package tuntun ní orúkọ tirẹ̀, bíi libjpeg-turbo8, kí ẹ sì kọ Provides (ó ń pèsè), Conflicts (wọn kò lè jọ gbé pọ̀) àti Replaces (ó ń rọ́pò) sí i fún libjpeg8. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn package kan kì í béèrè libjpeg8 lásán, wọ́n ń béèrè ẹ̀dà kan pàtó tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Provides tí kò ní nọ́ńbà ẹ̀dà kò lè tẹ́ wọn lọ́rùn, nítorí náà ẹ kọ nọ́ńbà náà sí i. Ubuntu gba ọ̀nà mìíràn, èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́: wọ́n dá orúkọ libjpeg8 sí gẹ́gẹ́ bí package òfìfo, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó pe libjpeg-turbo8 wọlé lọ. Bí ẹ bá mú ọ̀nà yìí, ẹ fún package òfìfo náà ní nọ́ńbà ẹ̀dà tó ga ju ti àtijọ́ lọ, kí ẹ yọ Provides kúrò, kí Conflicts náà má sì kan òun fúnra rẹ̀.

Ẹ di package -dev náà (èyí tí a fi ń kọ́ àwọn ètò mìíràn), kí ohunkóhun tí ẹ bá kọ́ lẹ́yìn èyí lè bá láíbìrì tuntun mu.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ gbé e wọlé

Ẹ kọ́kọ́ fi apt install -s ṣe àfarawé rẹ̀. Bí ẹ bá rí REMOVED, tí orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ju libjpeg8 àtijọ́ lọ, Conflicts tàbí Provides yín kò tọ̀nà. Ẹ ṣe ìpadàsẹ́yìn pẹ̀lú nínú ẹ̀rọ ìdánwò: ẹ fi package àtijọ́ pamọ́, ẹ gbé tuntun wọlé, ẹ dá ti àtijọ́ padà, kí ẹ rí i pé gbogbo ètò ṣì ń ṣí.

Lórí ẹ̀rọ gidi, ẹ rí i pé bátìrì tàbí ínfátà wà nídìí rẹ̀ kí ẹ tó tẹ Enter. Iná tó bá lọ láàárín iṣẹ́ dpkg, irinṣẹ́ tó ń gbé package Debian wọlé, lè fi package sílẹ̀ lágbede méjì. Bó bá ṣẹlẹ̀, dpkg --configure -a ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Nígbà tó bá parí, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà kí ẹ sì tún un tàn, nítorí pé ètò tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣì di láíbìrì àtijọ́ mú nínú mẹ́mórì. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì lo kọ̀ǹpútà kan yìí fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó gbé e dé ara àwọn tó kù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ máa tọ́jú rẹ̀

Láti ọjọ́ tí ẹ ti di package náà fúnra yín, àtúnṣe ààbò rẹ̀ ti di ojúṣe yín. Fáìlì JPEG tí ẹnìkan fi èrò ibi ṣe lè lo àléébù inú láíbìrì láti gba ẹ̀rọ, Debian sì lè tún package tirẹ̀ ṣe láìjẹ́ pé èyí dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ máa ka ìkéde ẹ̀dà tuntun libjpeg-turbo, kí ẹ sì máa tún un kọ́ bó bá ti jáde. Nínú nọ́ńbà ẹ̀dà, ẹ lo àmì ~, bíi 3.1.0-1~ilorin1. Dpkg ka irú èyí sí kékeré ju 3.1.0-1 lọ, nítorí náà bí àwọn tó ni distro tí ẹ gbé tiyín kà bá gbé package kan náà jáde lábẹ́ orúkọ yẹn, tiwọn ni yóò rọ́pò tiyín láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan ohunkóhun.